Ẹyẹ kọ lu gíláàsì: ṣé àmì ni, àbí fèrèsé ni ká tún ṣe?

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti fèrèsé pọ̀ débi pé a fi gbogbo ojú ìwé Ìbéèrè àti Ìdáhùn tọ̀tẹ̀ yìí sílẹ̀ fún un. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ (láti Akóbọ̀, Ìbàdàn): A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé wa ni. Gíláàsì aláwọ̀ búlúù tó ń dán bíi dígí la lò sí gbogbo fèrèsé, igi máńgòrò ńlá kan sì wà níwájú ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyẹ mẹ́rin ti fò wá kọ lu fèrèsé pálọ̀, méjì kú lójú ẹsẹ̀. Aládùúgbò wa ní ẹnì kan ló ń rán wọn sí wa. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ilé o, ilé á tura. Gíláàsì yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Ẹyẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ gíláàsì. Ohun tó bá jọ ewé lójú ẹyẹ, ewé ni. Ohun tó bá jọ ojú ọ̀run, ọ̀nà ni. Nínú igbó, omi nìkan ló ń fi àwòrán igi hàn, omi sì ń tẹ́ sílẹ̀ ni, kì í dìde dúró lóòró bí ògiri. Kò sí ohun tó kọ́ ẹyẹ láti ìran dé ìran pé igi kan lè wà tó jẹ́ àwòrán lásán, tó sì tún le bí òkúta.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Láàárọ̀, ní nǹkan bí aago méje sí mẹ́sàn-án tí ẹyẹ ń jẹ̀ kiri, ẹ lọ dúró sí ìdí máńgòrò náà, kẹ́ ẹ kọjú sí ilé. Ẹ ó rí máńgòrò mìíràn nínú fèrèsé pálọ̀, tewé tẹ̀ka, pẹ̀lú ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ lẹyẹ ń lọ tó fi ń forí gbá. Ohun tó tún dá kún un ni pé ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ọ̀pọ̀ ẹyẹ wà. Ó ń rí ọ̀tún, òsì àti apá ẹ̀yìn dáadáa kí àṣá má bàa gbé e, ṣùgbọ́n ibi tí ojú méjèèjì ti jọ ń wo ohun kan náà níwájú kò fẹ̀. Ẹyẹ tó ń sá fún àṣá, tàbí tí ọmọdé sọ lókò, kò tilẹ̀ ráyè wo iwájú fínnífínní.

Gíláàsì funfun tí a ń rí òdìkejì rẹ̀ náà ń pa wọ́n. Bí fèrèsé méjì bá kọjú síra nínú yàrá kan, tàbí tí gíláàsì méjì bá pàdé ní igun ilé, ẹyẹ á rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì, á rò pé ọ̀nà là gbàrà, á sì kó eré sí i.

Kì í ṣe ilé yín nìkan. Daniel Klem, onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Muhlenberg College ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ti ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé iye ẹyẹ tí gíláàsì ilé ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún wà láàárín mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988. Ilé gàgàrà tó ga fíofío kò pa tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ilé gbígbé àti àwọn ilé tí kò ga ló ń pa ìyókù, nítorí àwọn ló pọ̀, àwọn náà ni igi ń sún mọ́.

Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò yín gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2023, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ẹyẹ kú sí ẹsẹ̀ ilé kan ṣoṣo, gbọ̀ngàn McCormick Place ní Chicago, ilé onígíláàsì tó wà létí adágún Michigan. Nígbà tó di 2024, wọ́n lẹ àmì tóótòòtó mọ́ gíláàsì rẹ̀ látòkè délẹ̀, iye ẹyẹ tó ń kú níbẹ̀ sì já wálẹ̀ ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Wọn kò bá ọ̀tá kankan jà. Gíláàsì ni wọ́n tún ṣe.

ÌBÉÈRÈ (láti Abẹ́òkúta): Mo ra sítíkà tó ní àwòrán àṣá, mo sì lẹ ọ̀kan mọ́ fèrèsé láti inú yàrá. Ẹyẹ ṣì ń kọ lù ú. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

ÌDÁHÙN: Ibi méjì ni. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú. Àwòrán igi tó ń tan ẹyẹ jẹ wà lójú gíláàsì níta, ó sì ń bo ohun tó wà nínú mọ́lẹ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹyẹ rí, ìta ni kó wà. Ìdí nìyẹn tí kọ́tìnì kò fi ran gíláàsì tó ń dán. Ibi kejì ni pé ẹyọ kan lẹ lẹ̀. Àṣá tí kò mira kì í ṣe àṣá lójú ẹyẹ. Ó kàn ń yà fún ibi tí sítíkà wà ni, á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni gíláàsì.

Ẹyẹ kékeré mọ bí a ṣe ń gba àárín ẹ̀ka tó há kọjá. Bí àlàfo bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó gbà pé ara òun á gbà á. Nítorí náà, láti àmì kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, lóòró àti níbùú, kí àmì kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mìlímítà 6, ó kéré tán. Fún fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 120 sí 120, ìlà 23 lẹ máa ní, pẹ̀lú àmì 23 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àmì 529 nìyẹn. Ó pọ̀ létí, ṣùgbọ́n gbogbo ojú gíláàsì ló gbọ́dọ̀ kárí. Apá tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ni wọn yóò máa gbá. Bí gíláàsì bá funfun, ẹ fa ìlà sórí ìwé ńlá, ẹ lẹ ìwé náà mọ́ inú, kẹ́ ẹ wá máa tẹ̀lé e láti ìta. Bó bá jẹ́ èyí tó ń dán, ẹ fi bírò sàmì sí ara férémù ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún, ẹ na òwú láti apá kan sí èkejì, kẹ́ ẹ máa lẹ àmì tẹ̀lé òwú. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ gíláàsì, kó gbẹ dáadáa. Eruku ọyẹ́ tó wà lára rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kí sítíkà ré kí oṣù tó parí.

Okùn ni àwa fẹ́ràn jù, torí kò wọ́n, a sì ń rí ìta dáadáa láàárín rẹ̀. Ẹ ra okùn ọ̀rá tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 4, kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gíláàsì. Funfun ló yẹ gíláàsì dúdú tàbí búlúù. Fún fèrèsé tí a sọ lókè yẹn, okùn 11 ló máa gbà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 125 nítorí kókó. Gbogbo rẹ̀ kò tó mítà 14, ẹ ra 15. Ẹ ní kí káfíńtà la pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn bíi fèrèsé, kó lu ihò sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ ki okùn bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ ta kókó sókè kó má bàa yọ, kẹ́ ẹ kan pákó náà mọ́ ògiri lókè fèrèsé níta. Ẹ jẹ́ kí okùn rọ̀ wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ gíláàsì. Ẹ fi iná ṣáná díẹ̀ kan ìdí rẹ̀ kó má bàa tú. Okùn tó ń mì níwájú gíláàsì tètè ń hàn sí ẹyẹ, ìdí nìyẹn tí àlàfo rẹ̀ fi lè fẹ̀ ju ti àmì lọ. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni atẹ́gùn òjò tó ń lọ́ wọn mọ́ra, tí àlàfo ńlá á wá ṣí sílẹ̀ lápá kan. Bí ibi tẹ́ ẹ wà bá jẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń jà, ẹ fi pákó kejì sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ so ìdí àwọn okùn náà mọ́ ọn.

Àwọn tó ti ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lára fèrèsé lè má ra nǹkan kan. Bí nẹ́ẹ̀tì bá wà níta, tó bo gbogbo gíláàsì, tó sì fà le, àwòrán igi á pòórá, ẹyẹ tó bá tilẹ̀ kọ lù ú á ta padà láìfarapa. Ẹ bá ẹni tó ń ṣe fèrèsé yín sọ̀rọ̀ pé kó gbé nẹ́ẹ̀tì wá sí ìta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tún lè fi ọṣẹ ìfọṣọ gbígbẹ fa ìlà sójú gíláàsì níta ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún. Òjò àkọ́rọ̀ á fọ̀ ọ́ kúrò.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé omi tàbí ọkà kalẹ̀ fún ẹyẹ, ẹ gbé e sí ibi tí kò tó mítà kan sí fèrèsé, tàbí kẹ́ ẹ gbé e jìnnà ju mítà 10 lọ. Ẹyẹ tó gbéra nítòsí kò tíì kó eré jọ nígbà tó bá kan gíláàsì. Àárín méjèèjì yìí ló burú jù, eré ti wọ̀ ọ́ lára níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìjẹ̀bú-Òde): Ẹyẹ kékeré dúdú-òun-funfun kan, tó máa ń ju ìrù sókè sódò, ń wá sídìí mọ́tò mi láràárọ̀. Ó ń fi ẹnu kan dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó-kó-kó, á yàgbẹ́ sí i, á tún padà wá lọ́sàn-án. Wọ́n ní ẹnì kan ń wá ẹ̀mí mi.

ÌDÁHÙN: Òjìji ara rẹ̀ ló ń bá jà. Ìtẹ́ rẹ̀ wà nítòsí, ó sì rí ẹyẹ mìíràn nínú dígí yín tó fẹ́ gba ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti gbé ẹnu sókè, ti inú dígí náà á gbé e. Ìjà tí kò lè parí ni. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tàbí ọ̀rá dúdú bo dígí méjèèjì nígbà tí mọ́tò bá wà nílẹ̀. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti fò, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní wá mọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìbátan àkàlàmàgbò wa, ẹyẹ ńlá kan, máa ń fi ẹnu fọ́ gíláàsì fèrèsé nítorí irú ìjà yìí.

ÌBÉÈRÈ (láti Ṣúrùlérè, Èkó): Àdàbà kan kọ lu gíláàsì wa, ó ṣubú, ó ń mí ṣùgbọ́n kò lè dìde. Àwọn ọmọ fẹ́ bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbà wá.

ÌDÁHÙN: Ẹ má bu omi sí i lẹ́nu rárá. Ẹyẹ tí orí rẹ̀ kò tíì pé kò lè gbé omi mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà ń gbà lọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ pẹ̀lú.

Ẹ wá páálí bàtà, ẹ fi ẹnu bírò lu ihò mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí i lára, ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ tàbí tíṣù sínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹyẹ má bàa yọ̀. Ẹ da tówẹ̀lì bò ó, ẹ gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ìyẹ́ rẹ̀ wà ní pípa mọ́ ara, ẹ gbé e sínú páálí, kẹ́ ẹ dé e. Òkùnkùn ló ń mú kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ tí kò sí ológbò, tí kò sí rédíò, kí àwọn ọmọ má sì máa ṣí i wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ gbé páálí náà bọ́ síta kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bẹ́ ẹ bá ṣí i nínú yàrá, fèrèsé náà ló tún máa kọ lù. Bó bá fò, ó ti lọ nìyẹn. Bí kò bá fò, ẹ dé e padà fún ìṣẹ́jú 30 sí i. Púpọ̀ nínú wọn á ti gbéra kí wákàtí méjì tó pé. Ṣùgbọ́n bí apá rẹ̀ kan bá rọ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, tí orí rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má dúró. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin ibẹ̀ kò gbà kẹ́ ẹ tọ́jú ẹyẹ igbó sílé. Ẹ pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ẹranko igbó.

Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú ẹyẹ, ẹ má sì jẹ ẹ́. Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn adìyẹ H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2006, ẹyẹ igbó sì lè gbé e kiri. Ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, ẹ fi gbé e, kẹ́ ẹ sin ín kó jìn.

ÌBÉÈRÈ (láti Peckham, London): Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá àwòrán ẹyẹ kan lára gíláàsì ẹ̀yìnkùlé. Ó funfun bí ẹfun, ìyẹ́ méjèèjì nà gbalaja, mo lè ka ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí ojú wà pàápàá hàn. Kò sí òkú ẹyẹ nílẹ̀. Màmá mi sọ lórí fóònù pé ẹ̀mí ló kọjá níbẹ̀, kí n má fọwọ́ kàn án.

ÌDÁHÙN: Ó yẹ kó dẹ́rù ba ènìyàn lóòótọ́, ó jọ ohun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì yà. Ẹyẹlé, àdàbà àti gbogbo ìdílé wọn ní oríṣi ìyẹ́ kan tí orí rẹ̀ máa ń rún di ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú. Ìyẹ̀fun yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyẹ́ ara wọn tó kù. Bí ọ̀kan bá sáré kọ lu gíláàsì, ìyẹ̀fun náà á lẹ̀ mọ́ ọn bí àtíkè ṣe ń lẹ̀ mọ́ dígí. Ní London tẹ́ ẹ wà, ẹyẹlé igbó ńlá aláwọ̀ eérú, tó ní funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ló sábà ń ṣe é. Ó wúwo tó ìdajì kílò, ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi ń jáde kedere. Pé kò sí òkú nílẹ̀ lè jẹ́ pé ó fò lọ, ó sì lè jẹ́ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí ológbò ló gbé e; ẹyẹ tó fò lọ náà lè kú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú orí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi aṣọ tútù nù ún, torí ó ti fi ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ lẹ àmì sí hàn yín. Kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí màmá pẹ̀lú àlàyé yìí, kí ọkàn wọn balẹ̀.

ÌBÉÈRÈ (láti Ògbómọ̀ṣọ́): Ní oṣù kẹwàá, tí a ń ṣe ìsọjí òru, ẹyẹ kéékèèké mélòó kan tí a kò mọ irú wọn já lu fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí ni ẹyẹ ọ̀sán ń wá lóru?

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé àlejò ni wọ́n. Láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ẹyẹ tí kò níye ń sá fún òtútù Yúróòpù, wọ́n ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa. Nínú wọn ni èyí tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 9 lọ. Òru ni púpọ̀ nínú wọn ń rìn. Iná ńlá tó ń tàn sókè máa ń dà wọ́n lójú rú, pàápàá bí ìkùukùu bá wálẹ̀. Ẹ dojú iná ìta kọ ilẹ̀, ẹ fa kọ́tìnì nígbà ìsìn òru, kẹ́ ẹ sì pa gbogbo iná tẹ́ ẹ kò lò lẹ́yìn ìsìn.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìkirè, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun): Òwìwí kọ lu fèrèsé yàrá wa lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ta gbóná. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹbí ọkọ mi ti ń wo ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ìwòkuwò. Màmá kì í jáde sí pálọ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ jù báyìí lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọmọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí fún àyẹ̀wò ibà. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni èsì rẹ̀ ń gbà. Bó bá jẹ́ ibà ni, kí gbogbo ẹbí gbọ́ èyí yékéyéké: láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá ti gé ènìyàn títí di ọjọ́ tí ara á gbóná, ó ń tó ọjọ́ méje ó kéré tán, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn tó kó ibà ran ọmọ yín ti gé e kí òwìwí náà tó dé sàkání ilé yín.

Ní ti òwìwí, oúnjẹ ló wá. Iná ìta ń pe kòkòrò, kòkòrò ń pe ọmọńlé, eku náà ń bẹ nídìí ògiri, òwìwí sì ń tẹ̀ lé wọn. Ó ń wo ẹran tó ń lépa, kò wo gíláàsì.

A mọ̀ pé ẹyẹ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹyẹ wà lórí adé ọba, ó wà lórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, a sì ń pe àwọn ìyá wa ní ẹlẹ́yẹ. A ò ní kẹ́nikẹ́ni ju ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ, kò sọ pé ariwo gíláàsì ni ká fi dá ìyá àgbàlagbà lẹ́jọ́. Òfin náà kò sì gbà á: abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Kí ọkọ yín jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ní gbangba, lójú màmá.

Kẹ́ ẹ pa iná ìta tó wà lókè fèrèsé yẹn bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ sùn. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ọkọ yín ra okùn mítà 15 àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kó gbé àga fún màmá sí ẹ̀yìn ilé níbi tó ti máa ṣiṣẹ́, kí màmá máa bá a ka ihò, kí ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ wọn bí ara rẹ̀ bá ti yá.